Ohun Tí Ìyá Mi Rì Sínú Òpó

Àdúgbò Fájuyì ní Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń tẹ̀wé tí mo sì ti ń ṣe fọ́tòkópì. Kò jìnnà sí ọ́fíìsì tí àwọn tó fẹ́ kọ́lé ti máa ń gba àṣẹ, nítorí náà ìwé ilé ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba inú ẹ̀rọ mi kọjá. Àwòrán ilé a máa fẹ̀ bí ẹní. Ẹ̀rọ mi kò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ń ṣe ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní abala mẹ́rin, kí n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè ṣàì wo ohun tó ń lẹ̀, torí bí ìlà kan bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ògiri ilé ẹlòmíràn ti wọ́ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ilé. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún un. Tí mo bá rí àmì tí kò yé mi, mo máa ń bi ẹni tó ni ìwé. Tí òun náà kò bá mọ̀, mo máa ń dúró de ẹni tó ya àwòrán náà, kí n bi í nígbà tó bá tún wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé àwọn àmì tótòòtó dúdú inú òpó, irin ni wọ́n, àti pé Y12 túmọ̀ sí irin tó nípọn ní mìlímítà méjìlá. Mo ra téèpù ìwọnlẹ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́jọ́ Sátidé, mo ń ka iye abọ́ yanrìn tí wọ́n ń pò mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì kan, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn bíríkìlà àdúgbò Adébáyọ̀ sọ mí ní Ẹnjiníà Fọ́tòkópì. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì yẹn, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, òun ló máa ń lọ yẹ ilé wò tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, kí wọ́n tó fún onílé ní ìwé pé ènìyàn lè máa gbé inú rẹ̀. Ìwé ìgbélé ni èmi àti òun ń pe ìwé náà. Ìyá mi, ní tirẹ̀, wolé-wolé ló ń pe ọkùnrin yìí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó máa ń yẹ ìkòkò omi wò nígbà tó wà lọ́mọdé. Wolé-wolé a máa wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi tí oòrùn bá mú. Á ní, “Ẹnjiníà, ṣé o gba ẹ̀yìn Adébáyọ̀ kọjá lánàá? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun yẹn, ṣé wọ́n ti da ilẹ̀ òkè rẹ̀?” Mo máa sọ ohun tí mo rí fún un, iye òpó, iye irin, bí wọ́n ṣe po kọnkéré sí. Á mi orí. Nígbà mìíràn mo máa rí i pé ohun tí mo sọ yẹn ló kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò tó bá dé ibẹ̀. Kò sí ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi ra ilẹ̀ kan sí ẹ̀yìn Adébáyọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé síbẹ̀, ó kọ́ ọ dé ojú fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń to bulọ́ọ̀kù, ó ní ó rẹ òun, ó jókòó lé bulọ́ọ̀kù tó ń tò, kò sì dìde mọ́. Ìyá mi kò gbà pé àìsàn ni. Ilé ló pa á, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn títí dòní, “ulé lò pa á,” bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é. Wọ́n fi àwọn ògiri yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ hù nínú ibi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀. Ìyá mi padà sí yàrá ẹ̀yìn kan nínú ilé ẹbí ní Òkè-Ìlá, ilé alámọ̀, ibẹ̀ ló ti tọ́ wa.

Nígbà tí mo ní agbára, mo wó àwọn ògiri àtijọ́ náà, mo ní kí a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan síbẹ̀: ìyá mi nísàlẹ̀, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa lókè. Òpó mẹ́fà ni yóò gbé ilẹ̀ òkè náà dúró. Mo mọ àwòrán ilé yẹn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan, ínǹṣì mẹ́sàn-án lọ́tùn-ún, mẹ́sàn-án lósì. Irin Y12 mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òrùka irin tó so wọ́n pọ̀ ní ínǹṣì mẹ́jọ-mẹ́jọ.

Òpó mẹ́ta la dà lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo wọn àwọn òrùka irin náà, mo rí ibi kan tí àyè rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, mo ní kí wọ́n tú u. Ọ̀gá bíríkìlà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti kọ́ ilé tó pọ̀ ní Adó, wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹnjiníà, tí Ọlọ́run bá dá wa lẹ́jọ́ lọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú téèpù yín wá síbẹ̀ o.”

Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù ni gígún. Tí wọ́n bá da kọnkéré sínú pákó tí wọ́n kàn yí òpó ká, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi irin gígùn gún un láti òkè, kí òkúta àti sìmẹ́ǹtì lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀, kí afẹ́fẹ́ sì jáde. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ìdà kọ̀ọ̀kan. Mo dúró tì wọ́n, mo ń kà á sókè, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń kà á tẹ̀ lé mi bí ọmọ ilé ìwé.

Òpó iwájú ti kún dé àyà nígbà tí ìyá mi dé. Láti ibi àdúrà ló ti ń bọ̀, ó wọ sùtánà funfun, ó rìn láìwọ bàtà lórí yanrìn àti òkúta. Ó mú ìgò kékeré kan dání, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, òwú gígùn kan wà lọ́rùn rẹ̀. Òróró ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìjọ ló rán an. Wọ́n ti wá gbàdúrà nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì ti lọ. Èyí jẹ́ èrò ọkàn tirẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i,” ló wí.

Ọ̀gá bíríkìlà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò. “Ẹnjiníà, ẹ wí o.”

Mo ní, “Mọ́ọ̀mi, wọn kì í fi nǹkan sínú òpó.”

“Bàbá yín náà kò fi nǹkan sínú tirẹ̀,” ìyá mi wí. Omi ti lé sí i lójú. “Èmi ò ní sùn sínú ulé tí n kò mọ ohun tó gbé e dúró.”

Mo gba ìgò náà, mo wọ̀n ọ́n. Ínǹṣì méjì ní fífẹ̀, márùn-ún ní gígùn. Mo ya ìdí àpò sìmẹ́ǹtì, mo ṣe ìṣirò lé e lórí: òpó, ínǹṣì mọ́kànlélọ́gọ́rin ní ojú rẹ̀, ìgò, mẹ́ta àti díẹ̀. Kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní ó kéré, ó lè fi í sí i. Ìṣirò mi kò sì ní àṣìṣe kankan títí di òní.

Ó fi òwú sọ ìgò náà kalẹ̀ sínú pákó, wọ́n da kọnkéré lé e. Bí òṣìṣẹ́ tó mú irin ṣe gbé e sókè láti gún un, ìyá mi na ọwọ́ jáde.

“Má gún un o! Má bá mi fọ́ ọ!”

Òṣìṣẹ́ náà wò mí. Gbogbo wọn ló wò mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn onílé tí n kò mọ̀ rí, lójú títì, láìjẹ́ pé wọ́n bi mí. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ rọra ṣe níbẹ̀.” Láti àyà títí dé orí òpó náà, wọn kò gún un mọ́.

Ilé náà parí, a lé táìlì, a kùn ún ní ọ̀dà funfun. Mo fi orúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní gbogbo àkókò yìí, ògiri ẹ̀yìn yàrá ìyá mi ní Òkè-Ìlá ti sán. Mo fi bírò fa ìlà síbi tí sísán náà dé, mo kọ ọjọ́ tí mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjá ìlà mi ní ìbú àtàǹpàkò, òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Mo ń kánjú. Òun náà ń kánjú. Ó ti mú ọjọ́ Sọ́ńdè kan fún ìṣílé àti ìdúpẹ́, ó ti sọ fún ìjọ, ó ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìkéré.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́tàlá kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó pé, wolé-wolé dé pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ àti òòlù kékeré kan. Ìyá mi ti jókòó sí pálọ̀ lórí àga oníke, bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ látọjọ́ pípẹ́.

“Ẹnjiníà, ínǹṣì mélòó ni àtẹ̀gùn rẹ?”

“Méje-méje, Ọ̀gá. Gbogbo rẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé òkè, ó ké sí mi. “Èyí tó kẹ́yìn yìí, méje àti ààbọ̀.”

“Táìlì ló fà á.”

“Gbogbo onílé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Táìlì kò lẹ́nu láti fi bá wọn jiyàn.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Wolé-wolé, ẹ wá jẹun.”

“Màmá, tí mo bá jẹ oúnjẹ yín, wọn á ní iyán lẹ fi ra ìwé.”

“Iyán wo? Ẹ̀bà ni.”

Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ fèrèsé wò, ó yẹ ibi tí omi ń gbà jáde wò, ó tan iná, ó pa á. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn òpó níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lókè. Kọnkéré tó dì dáadáa máa ń dún kọ́, ohùn kúkúrú, bí ìgbà tí ènìyàn bá lu òkúta. Ó lu òpó iwájú nísàlẹ̀: kọ́. Ó lù ú lókè díẹ̀: gbò. Mo ti gbọ́ ọ kí òun tó gbọ́. Ó tún un lù.

“Kí lèyí?”

Ìyá mi ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

“Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ló ṣí kúrò lára rẹ̀, Ọ̀gá,” mo wí. “Ọ̀rinrin ni.”

Ó fi òòlù sínú àpò. “Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní kí wọ́n ha á kúrò, kí wọ́n tún un rẹ́. Mo máa padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Tó bá ti dún dáadáa, mo máa fọwọ́ sí i fún ọ níbí, kí Màmá rí i.” Kò lu àwọn òpó yòókù mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ọ̀gá bíríkìlà lọ ha òpó náà. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò ní àbùkù kankan, ó le débi pé a fi ṣísẹ́lì jà á. Abẹ́ rẹ̀ ni wàhálà wà. Òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ so mọ́ra bí ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà dì, àlàfo wà láàárín wọn, kò sí nǹkan kan tó kún un. Mo ti ìka mẹ́rin bọ inú rẹ̀. Mo tan iná fóònù mi, mo rí irin méjì tó ti ń dípẹtà, mo rí aṣọ funfun ìgò náà.

Ọ̀gá bíríkìlà súfèé. “Ẹ jẹ́ kí n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀. Tó bá gbẹ, bí ẹ bá lù ú, á dún bí àpáta.” Ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín. “Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé ká ha tiwọn náà?”

“Àwọn wo?”

“Àwọn òpó yòókù tí Màmá fi ìgò sí.”

Mo ní ẹyọ kan ni ìyá mi fi síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń dán an wò. Ó ní lẹ́yìn tí mo lọ jẹun lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ìyá mi fi ìgò sí àwọn méjì tó kù; nígbà tí a sì dà mẹ́ta tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún wá. “Wọ́n ní ẹ ti mọ̀ sí i. Wọ́n tún ní ẹ̀yin lẹ ní ká má gún un.”

Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lu gbogbo wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nínú mẹ́fà, mẹ́rin ló dún gbò, gbogbo wọn ní ibi gíga kan náà, ibi tí ọwọ́ ìyá mi dé.

Mo bá a ní Òkè-Ìlá, ó ń fi ìwé ìròyìn wé àwọn abọ́ rẹ̀ sínú páálí. Ilẹ̀ yàrá náà ti kún fún ẹrù dídì.

“Mọ́ọ̀mi, ìgò mélòó lẹ fi sínú òpó?”

“Mẹ́fà.” Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

“Ẹyọ kan ni mo rí.”

“Ẹyọ kan ni mo fi hàn ọ́. O wọ̀n ọ́n, o ní ó kéré. Ṣé kí n máa gbé ìyókù wá kí o máa wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan?”

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti òkúta, ti àlàfo, ti irin tó ń dípẹtà. Mo ní ilẹ̀ òkè wúwo, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò máa sáré lórí rẹ̀, òun ni yóò sì máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wé abọ́ kan sí i.

“Ó ti tó oṣù mélòó tí ilẹ̀ òkè náà ti wà lórí òpó?”

“Oṣù mẹ́jọ.”

“Ṣé ó ti wó?”

“Mọ́ọ̀mi.”

“Mo ní ṣé ó ti wó? Èyí ló ń wó.” Ó nàka sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí ìlà bírò mi wà. “Ìwọ àti wolé-wolé, ọ̀rẹ́ ni yín. Dákẹ́ kí ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ku díẹ̀.”

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí n kò bá gbé e sínú ilé tí ó ní àbùkù, n ó fi í sílẹ̀ nínú èyí tó ń wó lójú mi. Mo lè mú un wá sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n yàrá méjì tí a háyà ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta ń gbé, ó sì ti sọ pé láti Òkè-Ìlá, ilé ọkọ òun ni òun ń lọ, òun kò ní yà sí ibì kankan lọ́nà. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo jẹ́ kí ọ̀gá bíríkìlà dí ojú òpó náà. Mo dúró tì í. Ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. N kò lè mọ ibi tí a ti ha mọ́.

Wolé-wolé dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó lu òpó iwájú: kọ́. Ó tún un lù: kọ́. Ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

“Ẹnjiníà! Ǹ bá ti fọwọ́ sí i láìwá rárá.”

Ó gbé fáìlì lé ojú fèrèsé, ó mú ìwé náà jáde. Iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n lè ka ìwé tó dorí kodò. Mo rí orúkọ ìyá mi lórí rẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a ti yẹ ilé náà wò, pé kò sí ewu fún ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀, àti àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí rẹ̀. Ó ṣí bírò. Ìyá mi ti dìde lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó ti ń fi ìdí gèlè rẹ̀ nu ojú.

“Ọ̀gá, ẹ dúró ná,” mo wí. “Ẹ má tíì fọwọ́ sí i.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Mo sọ ìgò mẹ́fà, mo sọ òpó mẹ́rin tó dún gbò, mo sọ pé n kò jẹ́ kí wọ́n gún èyí àkọ́kọ́. Mo sọ pé sìmẹ́ǹtì àná ló ń lù. Ó bọ́ sínú, ó lu òpó kejì, ó lu ẹ̀kẹta, ó lu gbogbo wọn, a ń gbọ́ ọ láti ìta. Nígbà tó padà, ó ti dé bírò rẹ̀.

“Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé sìmẹ́ǹtì ìrẹ́lé ló ṣí.”

Kò pè mí ní ẹ̀yin rí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

“Gbogbo ilé tí mo ti ń bi yín léèrè ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé òótọ́ lẹ máa ń sọ fún mi?”

“Òótọ́ ni. Ọlọ́run gbọ́.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀?”

Ó lọ mú agolo ọ̀dà pupa nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fa àmì ńlá kan sára òpó iwájú, lórí ọ̀dà funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ní kí a fi igi ti ilẹ̀ òkè láti ìsàlẹ̀, kí a wá ẹnjiníà gidi tí ìjọba mọ̀, kí òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ṣíṣí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀. Ó kí ìyá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì lọ.

Ìyá mi gbé àga rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró lójú títì, kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó yẹ kó jẹ́ ti ìdúpẹ́, àbúrò rẹ̀ ti Ìkéré kó iṣu dé, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé ìdúpẹ́ kò ní wáyé mọ́. Ó bá àwọn ẹrù dídì nílẹ̀ àti ìyá mi láàárín wọn. “Ṣé wọ́n gba ulé lọ́wọ́ yín ni?” ló bi í. Ìyá mi ní, “Ọmọ mi ló gbà á.” Mo wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tó sọ ọ́.

Òjò dé. Lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè kan, nígbà tí ìyá mi wà níbi àdúrà, ògiri ẹ̀yìn náà wó sórí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti dúró nínú àgbàlá, sùtánà rẹ̀ ti rin, ó ń wo páálí abọ́ rẹ̀ tí amọ̀ ti bò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ha amọ̀ náà. Ohun tí mo ń rò ni ibi tí orí rẹ̀ ìbá wà ká ní ó dùbúlẹ̀.

“Èyí kò nílò wolé-wolé,” ló wí, ó kọjú sí ògiri tó wó náà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yà sọ́dọ̀ wa lọ́nà. Ó ń sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á sọ ọ́ fún wọn, bí mo tilẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Ẹ sọ fún bàbá yín pé kó gbé ẹsẹ̀ kúrò.” Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó yá, wọn kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ẹnjiníà tí a rí fi igi ti gbogbo ilẹ̀ òkè, ó ṣí òpó kan kó tó kan òmíràn. Ìyá mi ń bá wa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jókòó sábẹ́ igi, ó gbé abọ́ oníke kan lé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ìgò kan, ó máa ń dìde gbà á. Márùn-ún ló jáde láìfọ́. Ẹ̀kẹfà ti rún, aṣọ rẹ̀ nìkan ló mú un pọ̀. Inú ọ̀kan nínú òpó méjì tí ohùn wọn kò ní àbùkù ló ti jáde. Ẹnì kan ti gún un lọ́jọ́ yẹn, bóyá nígbà tí ìyá mi yí ojú sẹ́yìn. Mo rí i. Òun náà rí i, ó sì fi ìyẹn sínú abọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Wọ́n fi irin tuntun yí òpó kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n da kọnkéré bò ó, wọ́n gún un bó ṣe yẹ. Láti ínǹṣì mẹ́sàn-án, wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pálọ̀ rẹ̀ kéré sí i. Wolé-wolé padà wá pẹ̀lú ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì lu gbogbo òpó ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì, láti ilẹ̀ títí dé òkè, wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Nígbà tí wolé-wolé fọwọ́ sí ìwé náà, ìyá mi ló fún. Ibòmíràn ló ti ń ṣe fọ́tòkópì báyìí. Mo máa ń rí i tó ń kọjá lódìkejì títì.

Lọ́jọ́ Túsìdeè la kó ẹrù ìyá mi lọ, láìsí ìdúpẹ́, láìsí ẹnikẹ́ni láti Ìkéré. Ó wọ inú ilé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òpó tó wà láàárín pálọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wo ìbà ọmọ. Ó yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wolé-wolé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó bá èmi fúnra mi sọ̀rọ̀.

“Ṣé ó lè gbé e dúró?”

Mo sọ fún un pé irin mẹ́jọ ló ti wà nínú rẹ̀ báyìí, pé àwọn tuntun nípọn ní mìlímítà mẹ́rìndínlógún, pé òrùka irin rẹ̀ wà ní ínǹṣì mẹ́fà-mẹ́fà.

“N kò bi ọ́ ní ínǹṣì. Àwọn tí o yọ nínú rẹ̀, èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èyí tí o fi rọ́pò wọn ni mo ń bi ọ́.”

“Ó lè gbé e dúró, Mọ́ọ̀mi.”

Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn, ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan, láìpa ilẹ̀kùn dé. Àwọn ọmọ ti dé òkè, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí wa, wọ́n ń sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo ní kí n lọ pariwo mọ́ wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, mo fi ẹ̀yìn tì í, mo sì ń fetí sí i títí ìyá mi fi jí.